Ìpàdé Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ fún Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró ní Àkúrẹ́

Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá àbúrò mi ọkùnrin lọ sí ìpàdé tí àwọn ará àdúgbò kan nítòsí Arákàlẹ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn olóró. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kò fẹ́ kí aráyé mọ̀.

Ilé ìwòsàn ti ṣe tirẹ̀ kí a tó débẹ̀, tramadol, oògùn ìrora tó ti di bárakú fún àbúrò mi, sì ti kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á fún un ní ìkòríta wa kò kó lọ síbòmíràn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ti wúlò. Wọ́n fa àbúrò mi lé bàbá kan tó ń lẹ táyà lọ́wọ́, ẹni tí òun náà ti jáwọ́ láti ọdún pípẹ́. Ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àkókò tí ara rẹ̀ máa ń fà sí i jù, bàbá náà á pè é. Bí kò bá gbé fóònù, á wá sílé. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó fi ọ̀rá borí dé, ó ní òun kò jókòó, ojú rẹ̀ nìkan ni òun fẹ́ rí.

Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ igbó. Nọ́ọ̀sì tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló là wá lọ́yẹ̀ pé ẹni tó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, lè tibẹ̀ kú, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni ìwé orúkọ tí wọ́n ṣí kalẹ̀ lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ ti lè kà á; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Ẹni tó bá ní ọmọkùnrin nínú ìṣòro yìí, kí ó mú un lọ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, lọ́wọ́ sí fi hàn pé nínú ènìyàn 4 tó ń lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, obìnrin ni 1, ṣùgbọ́n obìnrin méjì péré ni mo rí níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí, wọn kò sì padà wá.