Dúrọ́ọ̀mù, Àpò Rọ́bà tàbí Àpò Kánfáàsì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Ìrìnàjò Ọkọ̀ Àjẹ̀ Nínú Igbó Kìjikìji?

Ẹni tó bá fẹ́ tu ọkọ̀ gba inú igbó kìjikìji fún ọjọ́ mélòó kan sábà máa ń kọ́kọ́ ronú nípa ọkọ̀ àti àjẹ̀. Ohun tí ẹ máa di ẹrù sí ló yẹ kó gba àròjinlẹ̀ jù. Tí àpò ìsùn bá rin gbingbin lóru tí òtútù mú, kò sí ibi tí ẹ ti máa rí òmíràn. Tí oúnjẹ bá bómi lọ, ìrìnàjò parí nìyẹn. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà: dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ búlúù tó ní òrùka irin lẹ́nu, àpò rọ́bà ńlá tí wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀, àti àpò kánfáàsì àtijọ́. Àpótí onígi náà wà, àwọn kan sì ṣì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìkòkò àti ohun ìdáná, àmọ́ ó wúwo, igun rẹ̀ sì máa ń gún èèyàn lẹ́yìn. A ò ní bá a lọ jìnnà.

Kò sí èyí tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ nínú wọn. Oúnjẹ fẹ́ ohun tó le, tí kì í jẹ́ kí òórùn jáde. Aṣọ àti àpò ìsùn fẹ́ ohun tó rọ̀, tó fúyẹ́. Ẹni tó bá ra oríṣi kan ṣoṣo fún méjèèjì máa fara gbá a, yálà lórí omi tàbí lórí ilẹ̀.

Èwo ni omi kì í wọ̀ lóòótọ́?

Dúrọ́ọ̀mù ló ṣáájú. Ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà róbótó tó jókòó sínú kòtò etí rẹ̀, òrùka irin sì fún ìdérí náà mọ́ ẹnu. Ó lè wà lábẹ́ omi fúngbà díẹ̀ kí ẹ̀kán kan má wọlé. Tó bá jò, nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò: irun, iyanrìn tàbí hóró ìrẹsì tó há sábẹ́ rọ́bà, rọ́bà tó ti gbẹ tó sì ti là, tàbí òrùka tó wọ́ nígbà tí dúrọ́ọ̀mù já bọ́ lórí òkúta. Kí ẹ tó dé e, ìka ni kí ẹ fi nu rọ́bà náà yíká, ẹ má fi aṣọ nù ún, torí ìka máa ń mọ hóró kékeré tí ojú ò rí. Tí òrùka bá wọ̀ bó ṣe yẹ, ọwọ́ rẹ̀ máa sùn mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù tí ẹ bá fi agbára díẹ̀ tì í. Tó bá rọrùn jù tàbí tó kọ̀ jálẹ̀, ìdérí ò jókòó dáadáa nìyẹn. Ẹ tú u, kí ẹ tún un dé. Ẹ má ra èyí tí ọwọ́ òrùka rẹ̀ ò ní ihò tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí irin kékeré lè gbà kọjá láti tì í pa. Gbòǹgbò igi lójú ọ̀nà lè kọ́ ọwọ́ náà kó sì ṣí i.

Àpò rọ́bà gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó dì í. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ní ìṣẹ́po. Ẹni tó bá kó ẹrù kún un dẹ́nu ò ní rí ohun tó máa ká mọ́, nítorí náà kí ẹrù má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kí ẹ tó ká a, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ tó kù sínú ló máa ń ti ẹnu náà ṣí díẹ̀díẹ̀ tí ẹrù mìíràn bá jókòó lé e. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ojú ìpàdé rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀ dára ju èyí tí wọ́n rán tí wọ́n wá lẹ téèpù bò: téèpù máa ṣí lọ́jọ́ kan, ihò abẹ́rẹ́ á sì wà níbẹ̀. Òjò àti omi tó ń ta sínú ọkọ̀ ò lè ṣe àpò rọ́bà tó dára ní nǹkan kan. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé níbi tí omi ti ń sáré lórí àpáta, tí àpò náà sì há sábẹ́ omi, díẹ̀ lè wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fẹ́ kí àpò ìsùn ní àpò kékeré tirẹ̀ nínú àpò ńlá.

Kánfáàsì fúnra rẹ̀ kì í dá omi dúró. Ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 0.15 tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ kánfáàsì ni pé kó má jẹ́ kí igi àti òkúta ya ọ̀rá náà. Camille Poirier gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú àpò yìí nílùú Duluth, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1882, títí di òní ìrísí rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ mú ọ̀rá kan ní ìpamọ́, torí ọ̀rá tó bá ti lu kò wúlò mọ́. Kánfáàsì tó bá mu omi máa ń wúwo sí i, kì í sì í tètè gbẹ.

Lórí ilẹ̀, níbi tí ẹrù ti ń wúwo

Láti omi kan dé èkejì, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa ru ọkọ̀, ẹ máa gbé ẹrù. Tí ẹ ò bá lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà kìlómítà kan ti di mẹ́ta: ẹ gbé ẹrù lọ, ẹ padà lọ́wọ́ òfìfo, ẹ tún gbé ìyókù lọ. Ẹ wá rí i pé ìwọ̀n àpò kí ẹrù tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àpò rọ́bà lítà 115 máa ń wà láàárín kílò 1.5 sí 2.5. Àpò kánfáàsì ńlá tó kílò 2 sí 3. Dúrọ́ọ̀mù lítà 60 nìkan súnmọ́ kílò 3, tí ẹ bá sì fi ìgbékọ́ rẹ̀ kún un, ìyẹn okùn èjìká, bẹ́líìtì ìbàdí àti tìmùtìmù ẹ̀yìn, ó máa lé ní kílò 4 kí ìrẹsì kan tó wọ̀ ọ́.

Ara dúrọ́ọ̀mù rí róbótó, ẹ̀yìn èèyàn ò sì rí bẹ́ẹ̀. Tí ìgbékọ́ ò bá ní tìmùtìmù tó nípọn, gbogbo ìwúwo rẹ̀ máa dúró sójú kan lórí eegun ẹ̀yìn. A ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra dúrọ́ọ̀mù tó dára pẹ̀lú ìgbékọ́ olókùn méjì lásán, tí wọ́n sì dá dúrọ́ọ̀mù lẹ́bi. Ìgbékọ́ ni kí ẹ náwó sí. Bẹ́líìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lórí eegun ìbàdí, kó má wà lórí ikùn, okùn tó so orí ìgbékọ́ mọ́ èjìká sì gbọ́dọ̀ ṣeé fà kí dúrọ́ọ̀mù lè súnmọ́ ara. Ẹ gbé ohun tó wúwo jù sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ̀yìn yín.

Lítà 60 tàbí 30? Tí oúnjẹ bá kún lítà 60, ó lè tó kílò 25 sí 30, ẹrù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè gbé lórí òkúta tó ń yọ̀ láìfarapa. Ẹ ṣírò rẹ̀: oúnjẹ gbígbẹ fún ẹnì kan lójúmọ́ wà ní nǹkan bíi kílò 0.8. Èèyàn méjì fún ọjọ́ 6 jẹ́ kílò 9.6, lítà 30 kan sì máa gbà á tí ẹ bá dì í dáadáa. Fún èèyàn mẹ́rin, a máa yan lítà 30 méjì dípò lítà 60 kan: èèyàn méjì ló máa pín in gbé, tí ọkọ̀ kan bá sì dànù, ìdajì oúnjẹ ṣì wà.

Kánfáàsì ní ohun kan tí àwọn yòókù kì í sábà ní, ìyẹn okùn orí. Ó ń gba àtàrí kọjá, díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi í sí iwájú orí, torí ó máa fa ọrùn sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè gbé ẹrù ńlá, torí ìwúwo máa gba eegun ẹ̀yìn lọ tààrà. Ẹni tí kò bá tíì lò ó rí kó fi ẹrù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé.

Nínú ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjẹ̀ jinlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 33 sí 38 láàárín. Dúrọ́ọ̀mù lítà 60 ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Tí ẹ bá gbé e nàró, ó máa yọrí ju etí ọkọ̀ lọ, atẹ́gùn máa rí ohun tì, ọkọ̀ á sì máa fì. Ẹ dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ fi àpò rírọ̀ há a lọ́tùn-ún lósì kó má yí. Àpò rọ́bà àti kánfáàsì kì í dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n sí ni wọ́n ń jókòó sí.

Tí omi líle bá wà lójú ọ̀nà yín, dúrọ́ọ̀mù tún padà níyì. Lítà 60 tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 20 ṣì lè fi nǹkan bíi kílò 40 gbé ọkọ̀ léfòó. Tí ẹ bá so ó mọ́ra gírígírí, ó ti gba àyè tí omi ì bá kún. Ẹ má fi okùn gígùn tó tú so ó, torí okùn bẹ́ẹ̀ lè lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bọ́ sómi.

Oúnjẹ, òórùn àti ẹranko

Dúrọ́ọ̀mù ló ń pa òórùn mọ́ jù, eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ ò sì lè rí i gé wọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé rọ́bà àti kánfáàsì. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó jẹ́ ààbò lọ́wọ́ béárì. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Interagency Grizzly Bear Committee ló ń fọwọ́ sí ohun ìkóúnjẹsí tí béárì ò lè ṣí, dúrọ́ọ̀mù búlúù lásán kì í sì í ní àmì wọn. Níbi tí béárì bá wà, ẹ ka òfin ibẹ̀ kí ẹ tó rà. Níbi tí wọ́n bá ti gbà kí ẹ so oúnjẹ rọ̀, kó ga tó mítà 4, kó sì jìnnà sí igi tó mítà 2. Dúrọ́ọ̀mù tó wúwo kì í rọrùn láti fà sókè, àpò rọ́bà ló tètè gòkè.

Ní inú igbó Boundary Waters ní Minnesota àti ní inú igbó Algonquin ní Kánádà, òfin ò gba kí ẹ kó oúnjẹ inú agolo tàbí ìgò wọlé. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, oúnjẹ ọjọ́ kan sínú ọ̀rá kan, kí tọjọ́ ìkẹyìn wà nísàlẹ̀.

Àtúnṣe

Àpò rọ́bà kì í sábà lu láti ìta. Ẹsẹ̀ sítóòfù, igun ìkòkò àti irin àgọ́ ló ń gún un láti inú, nítorí náà ẹ fi aṣọ wé wọn. Lọ́nà, ẹ fi spírítì nu ojú ihò, kó gbẹ, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn nínú àti lóde. Tí ẹ bá délé, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó bá irú rọ́bà náà mu lẹ̀ ẹ́. Oríṣi rọ́bà méjì tí wọ́n fi ń ṣe irú àpò yìí ni PVC àti TPU. PVC máa ń gan nínú òtútù, ẹnu rẹ̀ kì í fẹ́ ká. TPU ṣì máa ń rọ̀. Kánfáàsì ṣeé fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán níbikíbi, ó sì lè pẹ́ ju àwa tó ń lò ó lọ, tí ẹ ò bá kó o pamọ́ ní tútù kó wá bu.

Ohun tí a máa rà

Fún èèyàn méjì, ọ̀sẹ̀ kan, tí ìrìn orí ilẹ̀ bá wà níbẹ̀: dúrọ́ọ̀mù lítà 30 kan fún oúnjẹ, àpò rọ́bà lítà 115 kan fún aṣọ, àpò ìsùn àti àgọ́. Tó bá jẹ́ adágún tó rọlẹ̀ tí ọ̀nà orí ilẹ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ lè fi kánfáàsì rọ́pò àpò rọ́bà. Tó bá jẹ́ odò tó ń sáré lórí àpáta, a ò ní gbé kánfáàsì débẹ̀.

Tí dúrọ́ọ̀mù bá jẹ́ àlòkù, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ nìkan ni kí ẹ gbà. Èyí tó bá gbé kẹ́míkà rí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ti bébà gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ omi fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wá wo bébà náà. Ní ti àpò rọ́bà, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un, ẹ ká ẹnu rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń ta jáde ni kí ẹ fi bírò yí ká, kí ẹ sì dá a padà fún ẹni tó tà á bí ọjọ́ ìdápadà bá ṣì wà.