Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta “Kédárì Àbàtà” l'Ékòó

Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Festac, Amúwó, Òwórónṣòkí àti gbogbo ibi tí omi ti máa ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ nígbà òjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ti gba orí Instagram àti WhatsApp báyìí, igi tí wọ́n ń pè ní kédárì àbàtà ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní igi ìbílẹ̀ ni, kì í wọ́wé, àti pé bí ilẹ̀ bá ṣe rin tó ló ṣe ń ta kébé tó. Fọ́tò wọn rẹwà: igi gbọọrọ tó dúró sínú omi dúdú. Igi inú fọ́tò yẹn wà lóòótọ́ o. Chamaecyparis thyoides lorúkọ ẹ̀, inú irà etí òkun lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló ti ń hù. Ìbílẹ̀ ọ̀hún ni. Igi ìbílẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà tó bá irú igi bẹ́ẹ̀ tan ni èyí tí wọ́n ń pè ní Podocarpus, orí òkè tó tutù bíi Màǹbílà ní Tàràbà sì ni òun ń gbé. Kí ló fẹ́ wá ṣe nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ Amúwó?

Ohun tí ọmọ dìsípáàṣì máa gbé dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀tọ̀ ni. Ó lè jẹ́ whistling pine, igi kan tó jọ páìnì: ẹ fa ohun tó jọ ewé lára ẹ̀, á já ní oríkèé-oríkèé. Òun kò bá páìnì tan rárá. Èyí ṣì sàn, kì í kú bọ̀rọ̀, àmọ́ ó máa ga ju òrùlé yín lọ. Ó sì lè jẹ́ túyà, ará Ṣáínà, tó kún ọwọ́ àwọn ọlọ́gbà òdòdó ẹ̀bá títì. Igi dáadáa ni, àmọ́ kò fẹ́ kí omi dúró nídìí òun. Omi tó bá dúró á lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ò ní rí èémí mí, á jẹrà.

Èyí tó burú jù ni ẹ̀ka lásán. Wọ́n á gé ẹ̀ka túyà, wọ́n á gún un mọ́ yẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá dúdú, wọ́n á sì kì í gírígírí. Irú igi yìí kì í tètè fi ikú hàn. Igi Kérésìmesì gidi tí àwọn òyìnbó ń gé wá sínú pálọ̀ ńkọ́? Kò ní gbòǹgbò, síbẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń ná owó yín. Tó bá wá pọ́n, tẹ́ ẹ pè wọ́n, wọ́n á ní omi ni ò tó, kẹ́ ẹ máa bu omi sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ta “oògùn gbòǹgbò” fún yín. Gbòǹgbò wo? Tẹ́ ẹ bá tún pè, wọ́n ti bulọ́ọ̀kì yín. Aládùúgbò wa kan fi gbin gbogbo ẹ̀bá fẹ́ǹsì ẹ̀. Nígbà tá a fà wọ́n tu, ojú ọ̀bẹ ṣì hàn nídìí wọn.

Ẹ má sanwó láìfojú rí igi. Ẹ di ìdí ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ rọra gbé e sókè: tó bá ti yọ láìmú yẹ̀pẹ̀ dání, ẹ̀ka ni. Ẹ wo ihò abẹ́ ọ̀rá, gbòǹgbò tó ti pẹ́ á ti máa yọjú níbẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ bá tiyín lọ.

Ẹ dán ilẹ̀ yín náà wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ pọn omi kún un. Tí omi yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, túyà ò ní pẹ́ níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá kó yẹ̀pẹ̀ jọ bí ebè gíga, kẹ́ ẹ gbìn ín sórí ẹ̀. Àwọn igi tó mọ àbàtà wa ni abùrà àti ògùrọ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gbin igi ńlá bí abùrà sínú háàfù pulọ́ọ̀tì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó, ẹ má sọ ẹ̀ka náà nù. Ẹ ya fọ́tò ìdí ẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ tètè fi tó báǹkì yín létí. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà ń gba ẹ̀sùn. Ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n fi gba owó náà sílẹ̀, torí orúkọ ojú ìwé Instagram wọn ni wọ́n máa ń yí, kì í sábà jẹ́ ti àkáǹtì.