Ìkìlọ̀: Ẹ Má Sanwó Àtúnṣe Sítáǹdì Sípíkà Láìrí Inú Rẹ̀ Délẹ̀

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin tí ẹ ń gbèrò láti gbé sítáǹdì sípíkà yín lọ fún àtúnṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan ní Èkó kí owó yín tó wọ àpò rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀; ọgbọ́n àrékérekè tí ó ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Sítáǹdì tòkunbọ̀ méjì ni mo gbé fún un, onírin, tí inú ọ̀pá wọn ṣófo, tí wọ́n sì máa ń dún bí agogo nígbàkúùgbà tí báàsì bá wọlé. Ó ní òun yóò rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú ọ̀pá kí irin má baà gbọ̀n mọ́, òun yóò fi Sorbothane, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ kan tí ó máa ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, sábẹ́ sípíkà, òun yóò sì kùn wọ́n ní dúdú. 85,000 náírà ni mo san. Nígbà tí mo lọ gbà wọ́n, ó ṣí ìdérí orí ọ̀pá, mo rí iyanrìn, mo sì fọwọ́ kàn án, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀dà náà dán gbinrin, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni omi ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí táìlì lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ mi fi èjìká kan án, tí gbogbo rẹ̀ fì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Díẹ̀ ló kù kí sípíkà náà já lu ọmọ náà. Mo da ọ̀pá náà délẹ̀. Iyanrìn inú rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ó tutù, ó sì níyọ̀ (bẹ́ẹ̀ ni, mo tọ́ ọ wò), àfi bí ẹni pé etí òkun ló ti bù ú. Ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ló rún mọ́ ìyókù ọ̀pá náà, ìdí rẹ̀ nìyí tí orí fi wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tí ó pè ní Sorbothane kò sì ju sálúbàtà tí ó gé, tí ó fi ọ̀dà dúdú bò. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣì hàn létí kan.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n dání. Ọ̀pá onígun mẹ́rin tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó sì ga ní 60, ń gba lítà 6, iyanrìn gbígbẹ tó kún un yóò sì fi bíi kílò 9 kún ìwúwo rẹ̀. Tèmi kò fi tó 2 kún un. Ní ti rọ́bà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: Sorbothane gidi máa ń lọ́ra kí ó tó padà sí ipò rẹ̀, sálúbàtà a ta padà lójú ẹsẹ̀. Oríṣi kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló ní ìwúwo tí a ṣe é fún, nítorí náà, oníṣẹ́ tí kò bá bi yín bí sípíkà yín ti wúwo tó kò mọ ohun tí ó ń tà.

Nígbà tí mo padà lọ bá a, àwíjàre nìkan ni mo rí gbà. Sítáǹdì méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dà wọn kò tí ì gbẹ, ó ní ẹni tí ó ni wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.