Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tí wọ́n pín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): èyí tí wọ́n là lóòró àti èyí tí wọ́n pín ní ìsàlẹ̀ àti òkè

Nígbà tí àwọn àrólé bá fẹ́ pín ilé bíríkì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́, kí wọ́n sì tà á, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n lè là á lóòró, kí oníkálukú ní ìsàlẹ̀ àti òkè tirẹ̀. Wọ́n sì lè ta ìsàlẹ̀ fún ẹnì kan, kí wọ́n ta òkè fún ẹlòmíràn. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa tún òrùlé ṣe.

Nínú ilé tí wọ́n là lóòró, ìdáhùn rẹ̀ kò le: páànù tó bo yàrá yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ewu rẹ̀ wà lókè. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sábà máa ń fi pààlà, wọ́n á sì gbé e ka àjà onígi, ìyẹn ilẹ̀ pákó tí ẹni tó wà lókè ń tẹ̀. Ògiri bẹ́ẹ̀ tó ga ní mítà 3 lè ju kílò 500 lọ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Àjà á tẹ̀, ògiri á sì là. Pákó ló yẹ ibẹ̀. Ẹ tún wo àtẹ̀gùn tuntun: bí wọ́n bá gé igi àjà láti fi àyè sílẹ̀ fún un, ǹjẹ́ wọ́n fi igi mìíràn dábùú láti gbé orí èyí tí wọ́n gé?

Ẹni tó ra ìsàlẹ̀ nìkan á gbádùn ògiri nínípọn àti ìtutù, ṣùgbọ́n omi inú ilẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ògiri amọ̀ tàbí bíríkì sísun gbọ́dọ̀ mí. Tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi kò ní ríbi jáde, bíríkì á máa rún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ògiri láti ilẹ̀ dé mítà kan sókè. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo ti bàjẹ́. Ẹ ó ha á kúrò, ẹ ó fi ẹfun ìkọ́lé (chaux) ìwọ̀n kan àti yanrìn ìwọ̀n mẹ́ta rẹ́ ẹ.

Òkè ní afẹ́fẹ́ àti fèrèsé onípákó tó rẹwà, àmọ́ ẹni tó rà á ló sábà máa ń dá gbé ìnáwó òrùlé. Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún orí igi àjà níbi tó ti wọ inú ògiri, pàápàá lábẹ́ balùwẹ̀: tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán tàbí omi ti jẹ ẹ́.

Lójú tiwa, èyí tí wọ́n là lóòró ló dára jù. Tó bá jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́, kí nòtáírì kọ ìpín oníkálukú nínú àtúnṣe òrùlé, àtẹ̀gùn àti ṣalángá sínú ìwé kí ẹ tó sanwó. Kí gbogbo àrólé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí titre foncier, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀. Oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ni kí ẹ lọ wo ilé náà.