Omi, Ọkà Tàbí Òdòdó: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Ná Owó Lé Kí Ẹyẹ Tó Máa Wá Sọ́gbà Yín?

Tí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti ohun kan ṣoṣo lọ, ẹ má ra ọkà. Àwo omi ni kẹ́ ẹ rà. Mo mọ̀ pé ọkà ló kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, àmọ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, oúnjẹ kì í wọ́n ẹyẹ bí omi ṣe ń wọ́n wọn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti gbẹ gọ́tà àti kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, kódà ẹyẹ tí kì í fẹnu kan ọkà rárá á wá mumi lọ́gbà yín. Ẹ máa rí ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ olórí dúdú, àdàbà, ológoṣẹ́, títí dórí àwọn tó jẹ́ pé kòkòrò ni wọ́n ń jẹ. Ọkà ní tiẹ̀, àwọn tó ń jẹ ọkà nìkan ló ń pè.

Àwo amọ̀, ike tàbí sìmẹ́ǹtì

Amọ̀ ni mo fara mọ́ jù, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìpetumodù tàbí ní Dada ní Ìlọrin. Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ ọ́n fún ẹyẹ. Ọmọrí ìkòkò ńlá tẹ́ ẹ dojú rẹ̀ sókè ti tó. Ara rẹ̀ kò dán, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹyẹ kì í yọ̀ nínú rẹ̀, omi tó sì ń sun jáde lára rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbóná. Àlébù ibẹ̀ ni pé ó ń fọ́, omi inú rẹ̀ sì ń tètè fà.

Ike ló pọ́ọ́kú jù. Àmọ́ ó ń yọ̀, atẹ́gùn ń gbé e, oòrùn sì ń jẹ́ kó sán. Tó bá jẹ́ òun lagbára ká, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í dàánù, kódà ewúrẹ́ kò lè yí i dé, ó kàn jẹ́ pé gbígbé rẹ̀ ń gba agbára. Tuntun rẹ̀ máa ń sọ omi di ohun tó ń ta ẹyẹ lára, nítorí náà ẹ rọ omi sí i, kẹ́ ẹ máa dà á nù fún ọjọ́ bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Àwo irin ni kẹ́ ẹ má dán wò: lọ́sàn-án gangan, bí agbada àkàrà ló ṣe ń rí.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìn ju íǹṣì méjì lọ. Ẹ wo bí ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ ṣe ń mu ún: á bà sí etí àwo, á ki ẹnu bọ omi, á wá gbórí sókè kó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀, á tún tẹ̀ba. Àdàbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń ki ẹnu bọ̀ ọ́ tí á sì máa fà á láìgbórí. Ẹ gbé àwo náà sí ibi tó fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí igbó ṣúúrú, torí ológbò. Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àwo náà. Nínú ooru tiwa, bí ọ̀sẹ̀ kan péré ti lè tó fún ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn. Ẹni tí kò ní ráyè ìyẹn, kó má wulẹ̀ rà á.

Tó bá jẹ́ ọkà náà lẹ fẹ́

Láàárín jéró àti bàbà, ẹ mú jéró. Ó wọ ẹnu ológoṣẹ́ àti àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́. Bàbà dáa fún àdàbà. Odindi àgbàdo, adìẹ aládùúgbò lẹ ń bọ́ yẹn. Búrẹ́dì ń kún ikùn ẹyẹ lásán, kò fún un lókun. Ẹ má sì ra irúgbìn ọlọ́dà pupa tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀: oògùn kòkòrò wà lára rẹ̀, májèlé ni fún ẹyẹ. Èyí tó bá ti bu náà, ẹ dà á nù.

Ike ọkà tí wọ́n ń so kọ́ sàn ju pẹpẹ pátákó lọ nígbà òjò, torí ọkà inú rẹ̀ kì í tutù, ìgbẹ́ ẹyẹ kì í sì í bọ́ sí i. Lórí pẹpẹ, ẹ wọ́n kìkì ìwọ̀n tó máa tán kó tó di ọ̀sán. Èyí tó bá ṣẹ́kù dalẹ́, eku ló ni ín, ejò á sì tẹ̀ lé eku.

Ẹ̀gà tí ọkà máa ń fà wá ń kọ́? Ariwo rẹ̀ ẹ jẹ́ ká fojú fò ó. Ẹni tó bá ní igi àgbọn ni kó ronú dáadáa, torí ewé àgbọn ni akọ ẹ̀gà ń ya wẹ́wẹ́ fi hun ìtẹ́, tí wọ́n bá sì pọ̀, ọ̀pá imọ̀ nìkan ló ń kù. Ẹni tó bá ń sin adìẹ, kó gbàgbé ọkà pátápátá. Lọ́dún 2006, Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn fúlùú ẹyẹ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹyẹ ìgbẹ́ sì lè kó o ran adìẹ. Àwo omi ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí adìẹ ń dé.

Igò omi ṣúgà àti òdòdó

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí igò pupa kan tí wọ́n ń rọ omi ṣúgà sí. Hummingbird ló wà lára páálí rẹ̀, ẹyẹ tó jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù, nìkan ló wà. Ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tiwa, ẹlẹ́nu títẹ̀ tó ń mu oje òdòdó, lè bà lé igò náà lóòótọ́, àmọ́ omi ṣúgà tètè ń kan nínú ooru, èèrà á sì bò ó.

Ẹ fi owó yẹn ra ìdò olódòdó pupa (canna) àti igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní hibiscus. Bí òdòdó hibiscus bá gùn ju ẹnu ẹyẹ yìí lọ, á bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi ẹnu dá ihò sí ìdí òdòdó náà, á sì fa oje rẹ̀ látẹ̀yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa jù láti gbìn wọ́n. Ìbẹ́pẹ kan náà kò burú, tẹ́ ẹ bá lè fi ọ̀kan tó pọ́n sílẹ̀ lórí igi fún ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn fín oògùn kòkòrò sí wọn, torí ẹyẹ tó ń mu oje yìí pàápàá, kòkòrò ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀.