Máìkì condenser tàbí dynamic: èwo ló bá ohùn àti yàrá yín mu?

Kí akọrin tó ná owó lórí máìkì sítúdíò, yàrá tó ti máa kọrin ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ dúró sáàárín yàrá náà, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó dún dáadáa. Tí ìró yẹn bá ṣì ń dún lára ògiri lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dákẹ́, máìkì máa gbà á mọ́ orin yín, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ kúrò tó bá ti wọlé. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, Shure SM7B tó jẹ́ dynamic (tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́) máa ṣe yín lóore ju Neumann TLM 103 tó jẹ́ condenser (tó nílò iná kó tó ṣiṣẹ́) lọ. Tí aṣọ tó nípọn bá ti pa ìró ògiri, TLM 103 la máa mú, a ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

| | SM7B | TLM 103 |
|---|---|---|
| Irú rẹ̀ | dynamic | condenser |
| Iná 48 V láti inú interface (àpótí tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà) | kò nílò rẹ̀ | dandan ni |
| Iná ìró tó ń gbé jáde, ní mV/Pa (bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìró ṣe lágbára tó) | 1.12 | 23 |
| Ibi tí a ń kọrin sí | orí rẹ̀ | ẹ̀gbẹ́ tí àmì Neumann wà |
| Bí ẹnu ṣe máa jìnnà sí i | sẹ̀ǹtímítà 3 sí 10 | sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 |

Ìdí tí wọn kì í fi í dún bákan náà

Nínú SM7B, wáyà wíwé kan lẹ̀ mọ́ awọ tó ń gba ìró, méjèèjì sì jọ ń mì láàárín mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹrù wáyà yẹn kì í jẹ́ kí awọ náà tètè tẹ̀ lé ìró tín-ín-rín tó yára, ìdí nìyẹn tí "s" fi máa ń rọ̀ létí. Awọ TLM 103 kò ru nǹkan kan. Ó fúyẹ́ débi pé èémí, ìró ètè àti gbígbọ̀n ohùn ló ń bá orin wọlé. Akọrin tí "s" rẹ̀ mú bí abẹ lè má fẹ́ràn ohun tó máa gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé dynamic kì í gbọ́ ìró yàrá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹnu ṣe sún mọ́ máìkì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí ẹ bá sún sẹ́yìn débi tí àlàfo náà fi di ìlọ́po méjì, ohùn yín tó ń dé máìkì máa fi bíi 6 dB (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe ròkè tó) lọ sílẹ̀, ìró ògiri kò sì ní dín kù. Ẹ kọrin sí SM7B láti sẹ̀ǹtímítà 30, yàrá náà máa wọlé. Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ yìí náà ló ń mú kí ìsàlẹ̀ ohùn wú. SM7B ní bọ́tìnì lẹ́yìn tí a fi ń dín in kù. TLM 103 kò ní bọ́tìnì kankan.

Gain: ibi tí owó tí ẹ ò rò tẹ́lẹ̀ ti ń jáde

Ìyàtọ̀ àárín 1.12 àti 23 inú àtẹ yẹn tó 26 dB, inú interface ló sì ti gbọ́dọ̀ wá. SM7B ń fẹ́ gain (bí interface ṣe ń gbé ìró máìkì sókè) 60 dB, ó kéré tán. Interface Focusrite Scarlett 2i2 ìran kẹta kò kọjá 56 dB. Ìran kẹrin dé 69 dB. Ẹni tó ń kọrin sókè lè má rí wàhálà. Ẹni tó ń kọrin jẹ́jẹ́ máa yí gain dé òpin, ohùn rẹ̀ á ṣì kéré, tó bá sì gbé e sókè nínú kọ̀ǹpútà, ariwo "ṣṣṣ" á bá a gòkè. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ni Cloudlifter CL-1, tó ń fi nǹkan bíi 25 dB kún un. Àárín máìkì àti interface la ń so ó sí, nítorí náà ẹ máa nílò wáyà XLR (wáyà máìkì) kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lo iná 48 V, kì í jẹ́ kó dé máìkì. SM7dB, tí Shure gbé jáde lọ́dún 2023, ti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú.

TLM 103 kò ní ìṣòro gain, àmọ́ ó ń béèrè nǹkan tirẹ̀. Ẹ ra pop filter, ìyẹn asẹ́ tó ń dá afẹ́fẹ́ ẹnu dúró, kí ẹ gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 níwájú máìkì, kí afẹ́fẹ́ ẹnu má baà máa lù ú. Ọ̀rinrin lè mú kó máa ta pàrà-pàrà, torí náà inú àpótí rẹ̀ ni kó máa sùn, pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì. Ti SM7B rọrùn, àfi pé ó wúwo tó gíráàmù 765, stand tí kò lágbára á máa tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọrin.

Èyí tó wù kí ẹ mú, hẹ́dífóònù tó bo etí pátá ni kí ẹ lò, bíi Beyerdynamic DT 770 Pro. Ẹ mú ti ohm 80 (ohm ni ìwọ̀n bó ṣe ń takò iná tó). Ti ohm 250 kì í sábà ròkè tó lórí interface kékeré. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bíi Sennheiser HD 600, máa jẹ́ kí ìlù jò sínú máìkì.

Tí ẹni tó ń tà á bá gbà kí ẹ dán méjèèjì wò, ibi tó le jù nínú orin yín ni kí ẹ fi gbé gain kalẹ̀, kí òkè ohùn wà láàárín −12 àti −6 dBFS (0 ni òpin tí kọ̀ǹpútà lè gbà). Ẹ jẹ́ kí ìró méjèèjì dọ́gba kí ẹ tó fi wọ́n wéra, torí èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí máa ń pè ní èyí tó dáa jù.