Ọ̀kadà oníná mi: ẹ má wo 90 tí wọ́n kọ sí i lára

Ẹ̀yin ará Òkun ní Kogí, mo kí i yín o. Oṣù keje rèé tí mo ti ń gun ọ̀kadà oníná yìí láti Kàbà lọ sí oko mi lọ́nà Ìyàrá. Gbogbo ìgbà tí mo bá dúró lẹ́bàá ọjà ni wọ́n ń bi mí: "Tíṣà, ṣé ó dáa?"

Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó tà á fún mi ò sọ gbogbo rẹ̀.

Bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì (volt) 72, ámpíà-wákàtí (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) 40. Tó bá kú pátápátá, iná tí yóò jẹ kó tó kún kò fi bẹ́ẹ̀ ju yúníìtì NEPA mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra epo ní lítà lítà, ẹ bá ara yín ṣèṣirò. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 8000, pé ó sì ń sá kìlómítà 90 ní wákàtí kan.

Mo gbà wọ́n gbọ́ títí di Sátidé kan nínú oṣù kẹta. Oòrùn ọ̀sán gangan ni, ìyàwó mi wà lẹ́yìn, àpò gààrí wà láàárín wa. Bá a ṣe kan òkè, mo yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin. Ó kọ́kọ́ fò bí ẹni tí wọ́n ń lé. A ò tíì dé ìdajì òkè náà tó fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Kò kú o, ó kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ ni. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn kọjá mi, ó wá bojú wẹ̀yìn: "Bàbá Ṣọlá, ṣé kí n bá yín tì í ni?"

Nígbà tí mo ṣí abẹ́ síìtì, ooru ibẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ mi lè gbà lọ. Inú páálí oníke kan ni wọ́n ti kọntírólà, ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún ẹ́ńjìnnì, mọ́, wọ́n sì fi fóòmù wé e, bí ẹni fi kúbùsù bo ẹni tí ibà ń ṣe. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní kí n máa dúró sinmi lójú ọ̀nà.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ojú sì tì mí pé n ò tètè rò ó. Fóòtì, ìyẹn ipá tó ń ti iná lọ, ló ń pinnu eré; ámpíà, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, ló ń fa ẹrù. Kọntírólà ló wà láàárín bátìrì àti ẹ́ńjìnnì inú wíìlì ẹ̀yìn. Tí ẹrù bá wúwo tí wíìlì sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí òkè, ámpíà tó ń dà sínú wáyà ẹ́ńjìnnì máa ń pọ̀ ju èyí tó ń jáde nínú bátìrì lọ dáadáa. Tí ámpíà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà tí kọntírólà rí i pé òun fẹ́ jóná, ó dín agbára kù fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ló lò, èmi ni mo pè é ní ìbàjẹ́.

Mo yọ ọ́ kúrò nínú ike yẹn. Mo fi bóòtì dè é mọ́ irin alumíníọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i tí òjò ò sì ní bà á tààrà, mo sì fi gíríìsì tó ń gbé ooru kọjá sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà mo wọ áàpù rẹ̀ lórí fóònù, mo dín ámpíà bátìrì láti 110 sí 60, mo sì pa ètò tó ń fipá mú ẹ́ńjìnnì sáré ju ohun tí fóòtì bátìrì lè gbé lọ. Ooru lásán nìyẹn ń kó bá a.

Báyìí, 65 ni eré rẹ̀ mọ. Òkè kan náà, ìyàwó kan náà, àpò gààrí kan náà: ó gùn ún láìdúró, áàpù sì ka ooru kọntírólà sí dígírì 61. Kí ni mo fẹ́ fi 90 ṣe lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò?

Àléébù tó kù: kò lóhùn, nítorí náà ewúrẹ́ kì í yà fún un. Ọjọ́ tí NEPA ò bá múná wá, Bájáàjì àbúrò mi ni mo ń yá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n ṣí síìtì kẹ́ ẹ rí ibi tí kọntírólà wà, kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyàwó mi ti gbà láti máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀ padà, àmọ́ ó ṣì máa ń fọwọ́ kan abẹ́ síìtì kó tó gùn ún.